Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná: Kí A Tó Ti Búrọ́ọ̀ṣì Bọ Inú Ọ̀dà

 

Ìyá kan dúró dè wá lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá. Ó ní òun ní ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìgbàgbọ́, ti ilé ìdáná ni. Kọ́bọ́ọ̀dù tí òun ń kó abọ́ àti oúnjẹ sí, èyí tí bàbá ọkọ òun kàn fún ìyá ọkọ òun, ti dúdú fún èéfín, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo igi. Òun pe akunlé kan wá wò ó, iye owó tí ó dárúkọ sì mú kí òun wá àga jókòó. Ó wá bi wá pé: “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ojú ìwé ìdílé yìí, ṣé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, kí ó sì dára?”

Ó lè dára. Ó dá wa lójú, nítorí pé a ti kùn ún rí, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó dára, a ti kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti bíbà á jẹ́ ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni a ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀.

Ó ti di ọdún mélòó kan báyìí. Nọẹ́lì ku ọjọ́ mẹ́ta, àlejò sì ń bọ̀ wá bá wa ní Àjàṣẹ́ láti Kétu àti láti Sábẹ. A wo kọ́bọ́ọ̀dù wa, èyí tí àwọn kan nínú yín ń pè ní gàdìmáńjé, ojú sì tì wá. A sáré lọ sí ọjà Ouando, a ra agolo ọ̀dà funfun kan àti búrọ́ọ̀ṣì méjì. A kò fọ nǹkan kan, a kò tú ilẹ̀kùn kan, a kò ha ibì kankan. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni a ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, ohun gbogbo ń dán bíi dígí. Àwa méjèèjì dúró, à ń wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, à ń yin ara wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dà náà kò gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, kò gbẹ. Ní ọjọ́ Nọẹ́lì gan-an, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Àlejò ti dé, a sì ti kó abọ́ padà sínú rẹ̀ tipátipá. Àwo mẹ́rin lẹ̀ mọ́ pẹpẹ pinpin (pẹpẹ ilé ìdáná ni à ń wí o, kì í ṣe ti ilé Olúwa). Ilẹ̀kùn kan lẹ̀ títí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ ni a fi là á. Ìrẹsì ọdún ń rùn ọ̀dà. Àbúrò wa kan tí ó ti Kétu wá jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní oúnjẹ náà dùn, àfi bí ẹni pé ilé akunlé ni wọ́n ti sè é. Kí oṣù kejì tó parí, ọ̀dà náà ti ń bó ní abala-abala.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní àdúgbò wa ni ó wá bá wa wò ó. Ó fi èékánná ha á, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, ó sì ní: “Epo pupa ni ẹ kùn, ẹ kò kun igi rárá.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Ilé ìdáná tiwa kò dà bí yàrá ìgbàlejò. Lójoojúmọ́ ni à ń dín àkàrà, dín ẹja, yan ata. Òróró gbígbóná ń fò lọ sókè pẹ̀lú èéfín igi àti ti èédú, ó sì ń lọ bà lé ibi tí ojú kò tó. Láàárín ọdún mélòó kan, ara kọ́bọ́ọ̀dù á ti wọ aṣọ ọ̀rá. Ibi tí ó burú jù ni ibi tí a ń fi ọwọ́ fà ṣí, àti orí rẹ̀ lókè, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í nù. Ọ̀dà kò lè di orí ọ̀rá mú. Bí ó bá tilẹ̀ gbẹ, orí ọ̀rá ni ó dúró sí. Ọjọ́ tí ọ̀rá bá yọ́, ọ̀dà á bá a lọ.

Nítorí náà, ìfọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ni ó sì gba agbára jù. Ẹ kó ohun gbogbo jáde. Ẹ tú ilẹ̀kùn kúrò lára irin tí ó gbé e kọ́, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ irú nọ́ńbà kan náà sí ara férémù tí ó ti kúrò. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó rántí. Ilẹ̀kùn ogbó kọ̀ọ̀kan ni ó ti mọ ibùjókòó rẹ̀, bí a bá gbé èkínní sí ipò èkejì, kò ní pa dé mọ́. Ẹ da ìṣó gbogbo sínú agolo tòmátì kan. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú tí a fi eérú ṣe, àti kànìnkànìn. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọṣẹ tí ó bá kù lára igi kò sàn ju ọ̀rá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti mọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá kó ara jọ bí omi lórí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá tẹ́ sílẹ̀ tí ó sì bo ojú igi, ó ti tó. Kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún odindi ọjọ́ méjì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Wàyí o, ohun tí ó tẹ̀ lé ìfọ̀ ni híha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Ibi tí a torí rẹ̀ kọ ojú ìwé yìí gùn nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo wa ni a mọ òjé, irin wúwo rírọ̀ tí àwọn apẹja fi ń rì àwọ̀n. Ní àtijọ́, àwọn tí ń ṣe ọ̀dà máa ń po òjé mọ́ ọn kí ó lè funfun dáadáa, kí ó lè tètè gbẹ, kí ó sì pẹ́ lára igi. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé májèlé ni. Ní ọdún 1921, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní Geneva lórí ọ̀dà funfun olójé, pé kí a má ṣe fi kun inú ilé mọ́, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ní ọdún 1978, Amẹ́ríkà fi òfin de òjé nínú ọ̀dà ilé. Ṣùgbọ́n òfin kì í sáré tó ọjà. Ọ̀dà olójé kò yé jáde ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn àwọ̀ tí ń tàn bí iná, bíi pupa, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn, ni ó sì sábà máa ń wà nínú wọn jù. Nítorí náà, kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá ọkọ kàn, tí a ti kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀dà ara rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà náà bá wà lára igi, tí kò bó, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgbà tí a bá ń ha á ní gbígbẹ ni ó ń di eruku. Eruku yẹn a bà sí ilẹ̀, a bà sí orí ọlọ àti inú ìkòkò, ọmọ tí ń rá kiri a fi ọwọ́ gbá a, a sì ti ọwọ́ bọ ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe ní ibi jù, àti oyún inú. Kì í ṣe bí ibà tí ara á gbóná tí a ó sì sáré. Ọpọlọ ọmọ ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀: inú á máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dínkù, kò ní lè jókòó ti ìwé, ohun tí ó kọ́ lánàá kò ní dúró. Olùkọ́ á ní ọ̀lẹ ni, òbí á mú ẹgba. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ó ṣẹ̀.

Bí òjé bá wá pọ̀, pípa ni ó ń pa. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ìhà òkè Nàìjíríà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé kú nítorí eruku òjé. Kì í ṣe ti ọ̀dà. Òkúta wúrà ni àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú agbo ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò mọ̀. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú kékeré wo eruku.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì dì mọ́ igi pinpin, ẹ má ṣe ha á kúrò rárá. Ẹ fọ̀ ọ́ bí a ti wí, kí ẹ fi omi àti bébà oníyanrìn ra á lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí dídán rẹ̀ lè kú, kí ẹ sì kun tuntun lé e lórí. Ọ̀dà tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Níbi tí ó bá ti ń ṣí nìkan ni kí ẹ ti ha, kí ó sì jẹ́ ní tútù: ẹ fi kànìnkànìn tí omi wà nínú rẹ̀ rẹ ibẹ̀, kí ẹ tó fi irin ha, kí ẹ sì máa rẹ ẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tàbí àpò sìmẹ́ǹtì sábẹ́. Ẹ di imú àti ẹnu. Kí aboyún má ṣe súnmọ́ ibẹ̀, kí àwọn ọmọ sì lọ sí ilé mìíràn ní ọjọ́ yẹn, kì í ṣe yàrá kejì. Ìdọ̀tí tí ẹ bá ha sílẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ má ṣe dà á sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí adìyẹ ti ń jẹ̀. Aṣọ tí ẹ wọ̀ ṣe iṣẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń fi iná jó ọ̀dà kí ó lè rọ̀; ẹ má dán an wò, nítorí èéfín rẹ̀ burú ju eruku lọ. Ohun kan náà ni pákó tí a ti kùn rí: bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti gbó kọjá àtúnṣe, ẹ má ṣe là á fi dáná ọbẹ̀. A mọ̀ pé igi ìdáná wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ríra igi lára mú wa rántí ewé ìpín tí àwọn kan ń pè ní eépín. Kí bébà oníyanrìn tó dé, òun ni àwọn ìyá wa fi ń fọ igbá, òun náà ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán iṣẹ́ wọn. Ó ṣì wúlò fún igun kékeré àti ibi tí a ti gbẹ́ ọnà sí lára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n fún kọ́bọ́ọ̀dù odindi, ẹ ra bébà. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀: 120 fún ìbẹ̀rẹ̀, 240 fún àárín ọ̀dà kìíní àti èkejì. Bí nọ́ńbà bá ti ń ga ni yanrìn rẹ̀ ń kúnná. Kí èyí tí ẹ ó fi omi lò jẹ́ dúdú tí a ṣe fún omi, torí èyí tí kò gba omi á fà ya mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lórí igi. Bí igi yín bá jẹ́ arère tàbí afárá, tí kò sì ní ọ̀dà lára, kò ní fún yín ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ìrókò ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà olóróró gbẹ bọ̀rọ̀, tíìkì náà sì ní òróró tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan fi yé wa pé olúwéré inú ìrókò ni kò fẹ́ ọ̀dà. Oje igi ni o, bàbá. Ẹ fi bébà ra ojú igi náà, ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú dilúwáǹ, ẹ fi nù ún dáadáa, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an kí oje tó tún yọ. Ihò ìṣó àti ibi tí ó là, màsítíkì ni a fi ń dí i.

Ọ̀dà wo ni kí a wá rà? Méjì ni ó wà: olóróró àti olómi. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri kò dára fún kọ́bọ́ọ̀dù. Á máa mu epo, a kò sì ní lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n olómi kan wà tí a ṣe fún igi, tí ó ń dán tí ó sì ṣeé fọ̀. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, òun ni àwa yóò yàn. Kò rùn tó olóróró, omi lásán ni a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì ní mú dilúwáǹ wọ ilé. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dì mọ́ ọ̀dà olóróró àtijọ́ tí ń dán, àfi bí a bá pa dídán náà tán. Bí ẹ kò bá mọ irú èyí tí ó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, ẹ rẹ òwú sínú ọtí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, kí ẹ fi ra ibì kan. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tí ó sì yọ sára òwú, olómi ni. Bí kò bá mira, olóróró ni. Ọtí ilé ìwòsàn ni a wí. Sodabi kò lágbára tó, ẹ sì lè rí ẹni tí yóò bá yín ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Irú èyí tí ẹ bá rà, ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “sans plomb”, èyíinì ni pé kò ní òjé. Bí agolo kò bá ní orúkọ, tí ẹni tí ń tà á kò sì mọ ibi tí ó ti wá, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Lítà kan á máa kun nǹkan bíi mítà mẹ́wàá níbùú-lóròó lẹ́ẹ̀kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá yan olóróró, a ní ọ̀rọ̀ fún un lórí ohun tí yóò fi là á. Dilúwáǹ ni omi ọ̀dà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀sáǹsì wà nínú ìgò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa, èyí tí a ń pè ní kpayo, àwọn mìíràn ń fi la ọ̀dà, wọ́n sì ń fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Nínú ilé ìdáná! Èéfín ẹ̀sáǹsì tí a kò lè fi ojú rí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ni ó ń gbà, á máa wọ́ lórí ilẹ̀ bí ejò títí yóò fi kan ẹyin iná kan tí ẹ rò pé ó ti kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú ẹ̀sáǹsì bẹ́ẹ̀ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ènìyàn tí ó ju 30 lọ sì bá a lọ. Dilúwáǹ pàápàá ń gbiná. Ìta ni kí ẹ ti kun ilẹ̀kùn, kí ẹ sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí ibòmíràn títí òórùn á fi tán nílé ìdáná.

Ohun kan tún wà tí a kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Nígbà tí a tún kọ́bọ́ọ̀dù wa kùn lẹ́ẹ̀kejì, ohun gbogbo ni a ṣe bí ó ti yẹ, àfi dilúwáǹ. Ìgò lìmónádì ni a gbà á sí, a sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Ó mọ́ gaara bí omi. Ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, wọlé láti ibi tí ó ti ń ṣeré, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì gbé ìgò náà sókè. Àwa méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí i, à ń wo bóyá ilẹ̀kùn gún. Ìyá wa àgbà tí ó wà lórí àga, tí a rò pé ó ń sùn, ni ó kígbe. Ọmọ náà bẹ̀rù, ìgò jábọ́, ó fọ́. Kò tíì kan ètè rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè mú búrọ́ọ̀ṣì nínú wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi dilúwáǹ, tàbí ẹ̀sáǹsì, tàbí epo àtùpà, sínú ìgò tí ọmọ mọ̀ mọ́ ohun mímu. Bí ọmọ bá sì gbé e mì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bì. A mọ̀ pé epo pupa àti mílíìkì ni à ń sáré bù fún ẹni tí ó jẹ májèlé; ẹ má ṣe fún un ní ìkankan. Nígbà tí ọmọ bá ń bì í ni ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pa á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìṣẹ́jú náà, pẹ̀lú ìgò tí ó mu, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan.

Kíkùn gan-an kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Ẹ tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ kọ́kọ́ kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ti ìdá mẹ́ta ìrun búrọ́ọ̀ṣì péré bọ ọ̀dà, kí ẹ sì fà á gba ibi tí ìlà igi gbà. Fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kùn ún. Ọ̀dà tí ó nípọn á gbẹ lókè, á sì máa rọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ fi 240 ra á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ kun èkejì. Àwọ̀ wo? Èyí tí ó wù yín. Ìlú tí ó ní mọ́ṣáláṣí ńlá bíi ti Àjàṣẹ́, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brasil, tí àwọn Àgùdà fi àwọ̀ oríṣiríṣi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò yẹ kí ó máa bẹ̀rù àwọ̀. Funfun nìkan ni àwa kò ní yàn mọ́. Èéfín mọ̀ ọ́n.

Àkókò ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, nígbà òjò ńlá, ọ̀dà á máa rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìgbà ọyẹ́ gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ á bà lé ọ̀dà tútù. Ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ àgbàlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gbálẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún bíi tiwa. Ọ̀dà olóróró á gbẹ lójú ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n á tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó le. Ẹ fi èékánná tẹ ibi kọ́lọ́fín. Bí àpá bá ṣì hàn, abọ́ kò tíì gbọdọ̀ wọlé.

Orí pẹpẹ inú, níbi tí búrẹ́dì àti gàrí ń jókòó sí, àwa kò kùn ún. A fọ̀ ọ́, a sì tẹ́ aṣọ onírọ́bà tí a fi ń bo tábìlì sí i. Ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ìsàlẹ̀ ibi tí ó kan ilẹ̀ gan-an, ni kí ẹ kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi, pàápàá bí ẹ bá gbé e sínú agolo omi nítorí èèrà. Ẹ máa da omi agolo náà nù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà pa ọmọ síbẹ̀.

Ìyá tí ó béèrè náà ti sọ fún wa pé àwọ̀ ewé ni òun fẹ́, àbúrò ọkọ òun yóò sì bá òun tú ilẹ̀kùn. Ọmọ mẹ́ta ni ó ní nílé, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. A ti bá a ṣe é pé kí wọ́n lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà ní Sakété fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Sátidé ni ìfọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Àwa náà yóò lọ síbẹ̀, a ó sì mú kànìnkànìn tiwa dání.